Fídíò Ààlà Tó Bá Àkáǹtì Àtijọ́ Lọ

Ẹ̀wà ni Rónkẹ́ ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Lokongoma, ní ìlú Lokoja, láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì tí Jẹ̀mílátù sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lokoja àtijọ́ ni Jẹ̀mílátù, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adankolo, iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kó ráyè ìbẹ̀wò. Bí ẹ bá rí i lẹ́nu ọ̀nà yín, ọ̀rọ̀ ló gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ ló gbé e wá lóòótọ́. Ká ní Rónkẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà ni, a kì bá máa kọ ìwé yìí sí yín.

Nígbà tí wọ́n kí ara wọn tán, Jẹ̀mílátù béèrè fóònù Bàbá Nehemiah, bàbá Rónkẹ́ tó kú nínú oṣù kejì ọdún náà.

"Àǹtí, ẹ rántí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo bá Bàbá ṣí, tí a gbé fídíò ààlà oko sí? Irú àkáǹtì àtijọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti kọ̀wé sí gbogbo wa pé àwọn fẹ́ fòpin sí irú yẹn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọlé sí i, kó kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ sínú irú tuntun, kí ọdún yìí tó parí."

Rónkẹ́ ò gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà. Ó ní fóònù Bàbá wà nínú àpótí.

Ó yẹ ká sọ bí fídíò náà ṣe jẹ́, nítorí òun ni gbogbo ọ̀ràn yìí. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni Bàbá Nehemiah kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń kọ ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀, ó ti rí ọmọ ìyá méjì tó ń ṣépè fún ara wọn lójú adájọ́ nítorí igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rù ẹjọ́ ilẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń bẹ̀rù àrùn. Oko ìdílé rẹ̀ wà ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, ó bá oko Alhaji Uwais, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pààlà. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ mọ́sálásí, wọn ò sì jà rí láyé wọn. Síbẹ̀ Bàbá ní kí àwọn kọ ìwé ààlà, wọ́n kọ ọ́, àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí i. Inú kọ́bọ́ọ̀dù nílé Bàbá ní Gadumo ni ìwé náà wà lọ́dún tí omi odò ya wọlé dé ojú fèrèsé. Nígbà tí omi fà, wọn ò rí ìwé mọ́, ẹrẹ̀ ni wọ́n rí.

Ni Bàbá bá ní òun ò tún ní fi ọ̀rọ̀ ààlà lé bébà lọ́wọ́ mọ́. Òun àti Alhaji Uwais jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rin ààlà náà látòkè délẹ̀, Ayọ̀dèjì, àbúrò Rónkẹ́, sì ń fi fóònù Bàbá yà wọ́n ní fídíò. Bí wọ́n bá dé ìdí ọ̀kan nínú igi akòko mẹ́sàn-án tó sàmì sí ààlà, Bàbá á ní, "Uwais, ibo la dé yìí?" Alhaji á dárúkọ ẹni tó gbin igi náà, á nawọ́ sọ́tùn-ún pé ti Nehemiah nìyẹn, á nawọ́ sósì pé tòun nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ìdí igi kẹsàn-án. Wọ́n dúró lẹ́bàá sàréè ìyá Rónkẹ́, Alhaji sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé orí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà sùn sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí ohun mìíràn lọ́jọ́ iwájú.

Ogójì ìṣẹ́jú ni fídíò náà. Ó wúwo ju èyí tí Wáásáàpù lè gbé lọ, fóònù Bàbá sì ti kún. Ìyẹn ni Jẹ̀mílátù ṣe bá a ṣí àkáǹtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gbé e síbẹ̀, tí wọ́n sì pa á rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà. Inú Bàbá dùn kọjá ààlà. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé omi Gadumo ò lè dé ibi tí òun kó o sí.

Òótọ́ ló sọ, omi kọ́ ló wá débẹ̀.

Àpótí tí Rónkẹ́ ń wí ńkọ́? Nínú ìdílé wọn, bí àgbà bá kú, àkọ́bí rẹ̀ á kó fìlà rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti ohun tó ń mú lọ́wọ́ jù lọ sínú àpótí, á tì í, á sì mú kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i kí ọdún tó yí po. Ọgbọ́n ló bí àṣà náà, kí àwọn ọmọ má bàa máa ja ìjà ogún nígbà tí omijé ò tíì gbẹ lójú. Rónkẹ́ ni àkọ́bí. Ó kó fìlà, ó kó ọ̀pá àti bàtà, ó kó ìwé kékeré tí Bàbá ń kọ páásíwọ́ọ̀dù sí, ó sì gbé fóònù lé e lórí nítorí pé òun ni Bàbá ń mú lọ́wọ́ jù.

Jẹ̀mílátù ò bú àṣà náà. Ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí, ilé-iṣẹ́ yẹn ò mọ̀ pé à ń ṣọ̀fọ̀."

"Báńkì náà ò mọ̀," ni Rónkẹ́ dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kú, ohun tó ní ní báńkì á dúró de àwọn ọmọ rẹ̀."

"Èyí ò jọ báńkì. Ẹ fi wé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yá yín lò. Onílé ní òun fẹ́ wó ìlà ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, òun sì ti kọ́ tuntun sẹ́yìn rẹ̀. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín lẹ máa wá kó ẹrù yín fúnra yín. Lọ́jọ́ tí katakátá bá dé, kò ní béèrè ta ló ni ẹrù tó wà nínú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Rónkẹ́ lára díẹ̀. Ó tẹ Ayọ̀dèjì láago, ó ní kó gbọ́ ohun tí Jẹ̀mílátù ń sọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Ayọ̀dèjì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì nípa àwọn oníjìbìtì orí fóònù. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lórí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ímeèlì òun ni Bàbá fi sí àkáǹtì náà gẹ́gẹ́ bí ìkejì, wọ́n ti kọ̀wé sí òun lẹ́ẹ̀mẹta pé àwọn máa ti àkáǹtì pa, òun sì ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Bí ọdẹ tó pa ejò mẹ́ta lóòjọ́ ló ṣe ń sọ ọ́.

"Ọmọ Yàhúù ni wọ́n," ló wí. "Ẹni tó bá ní òun máa ti àkáǹtì rẹ pa, olè ni."

"Bọ̀dá Ayọ̀, olè pọ̀ lóòótọ́," ni Jẹ̀mílátù wí. "Ẹ má tẹ ohunkóhun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín wọlé sí àkáǹtì náà bí ẹ ṣe máa ń wọlé tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ máa bá ìkìlọ̀ kan náà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá bá a, olè ni, ẹ padà sùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Ayọ̀dèjì ní òun ò mọ páásíwọ́ọ̀dù. Inú àpótí ni páásíwọ́ọ̀dù wà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe yí po tó tún padà jókòó sí ẹsẹ̀ Rónkẹ́, Rónkẹ́ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ọdún pé. Jẹ̀mílátù wọ kẹ̀kẹ́, ó padà sí Adankolo. Ẹni tí a bá ń ràn lọ́wọ́ tí kò na ọwọ́, kí la fẹ́ fi ipá ṣe fún un?

Nínú oṣù kọkànlá, Alhaji Uwais náà kú. Rónkẹ́ lọ kí wọn. Ó rò ó lójú ọ̀nà pé ẹnu méjèèjì tó mọ ààlà ti pa dé báyìí, ẹ̀rù sì bà á fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi fídíò tu ara rẹ̀ nínú. Mọ́nsúrù, ọmọ Alhaji, ti Kánò dé láti jókòó sílé bàbá rẹ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń ta aṣọ níbẹ̀, kò mọ oko náà ju orúkọ lọ.

Nínú oṣù kejìlá, Jẹ̀mílátù sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Ó ní ọjọ́ ti kù mẹ́wàá. Ó ní bí ọdún bá parí, ilé-iṣẹ́ náà á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fún àwọn tó bá pẹ́ ní oṣù kan péré kí wọ́n tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Rónkẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáhùn pé, "O ṣé, àbúrò mi, Ọlọ́run á ṣe é."

Ọlọ́run ti rán Jẹ̀mílátù lẹ́ẹ̀mejì. Ó kù sọ́wọ́ ta ni?

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kìíní ni wọ́n pe Rónkẹ́ láti abúlé. Àwọn alágbàṣe Mọ́nsúrù ń gé igi, wọ́n ń fi wọ́n sun èédú. Ó gba ọ̀nà oko lọ pẹ̀lú Ayọ̀dèjì. Méje nínú igi akòko mẹ́sàn-án ti wó lulẹ̀, wọ́n sì ti ro ilẹ̀ kọjá sàréè ìyá rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́nsúrù fúnra rẹ̀ dìde kí wọn, ó gbé àga fún wọn.

"Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n," ló fi kí Rónkẹ́ bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nílé ni pé bàbá mi yọ̀ǹda ilẹ̀ sàréè fún yín nítorí ọ̀rẹ́. Wọn ò ní ó yọ̀ǹda oko."

"Bàbá rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ààlà wà. Ó wà nínú fídíò, òun àti bàbá mi."

"Ẹ fi hàn mí. Mi ò sí ńlé nígbà náà. Bí mo bá ti rí bàbá mi tó sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà ni mo kúrò lórí ilẹ̀ yín, n ó sì tún igi gbìn."

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìjà. Baálẹ̀ dá ọjọ́ fún wọn ní ìparí oṣù kejì, pé kí oníkálùkù mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Lokoja, Ayọ̀dèjì tó ń wakọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí yẹn." Rónkẹ́ ní rárá. Ó ní oṣù mọ́kànlá ni àwọn fi tì í, ṣé ìgbà tó wá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àwọn á wá ya aláìnísùúrù? Ó ní kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé àwọn.

Lọ́jọ́ tó ń sọ̀rọ̀ yìí, fídíò náà ṣì wà níbi tí wọ́n fi sí. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Ọdún pé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì. Wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Rónkẹ́ ṣí àpótí lójú gbogbo ọmọ ilé, kò sẹ́ni tó jà, àṣà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Ayọ̀dèjì gbé fóònù àti ìwé páásíwọ́ọ̀dù lọ sí Adankolo. Jẹ̀mílátù so fóònù mọ́ iná. Nígbà tó tàn, ó wọlé sí àkáǹtì, Rónkẹ́ sì rí àwòrán kékeré kan lójú fóònù, bàbá rẹ̀ àti Alhaji Uwais nídìí igi akòko, èkínní ń tọ́ka, èkejì ń rẹ́rìn-ín.

"Òun nìyí," ni Rónkẹ́ wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Jẹ̀mílátù tẹ àwòrán náà. Kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Àǹtí, ojú rẹ̀ nìkan ló kù sórí fóònù. Fídíò fúnra rẹ̀ ti lọ. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá ni wọ́n pa á rẹ́."

"Ọjọ́ mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́tàdínlógún."

Rónkẹ́ ní kó bẹ̀ wọ́n. Ó ní kó ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀fọ̀ ni, pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Jẹ̀mílátù kọ̀wé sí wọn níṣojú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni èsì dé: wọ́n bá wọn kẹ́dùn, wọ́n ní ìkìlọ̀ mẹ́ta ni àwọn fi ránṣẹ́, wọ́n ní ohun tí àwọn bá ti pa rẹ́ kò ṣeé jí dìde. Ayọ̀dèjì tó pa ìkìlọ̀ mẹ́ta náà rẹ́ ló ka èsì ọ̀hún. Kò lè kà á parí.

Níwájú Baálẹ̀, àwòrán kékeré yẹn ni wọ́n rí mú jáde. Baálẹ̀ gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó wò ó dáadáa, ó ní àgbà méjì tó dúró nídìí igi kan lòun rí, òun ò rí ààlà. Igi tó wà níbẹ̀ sì ti di èédú. Ó ní láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí tó wà láàyè tí kì í ṣe ọmọ ọ̀kan nínú àgbà méjèèjì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la oko kọjá ni kí wọ́n fi ṣe ààlà. Sàréè méjèèjì bọ́ sí ìhà ọ̀dọ̀ Mọ́nsúrù. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, èyí tó sì tún burú ni pé kò sí ẹni tí Rónkẹ́ lè bínú sí tó ju ara rẹ̀ lọ.

Níta, Mọ́nsúrù tọ̀ ọ́ wá. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó tún fi àwòrán náà han òun. Ó wò ó pẹ́.

"Mi ò ní àwòrán rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló sọ nínú fídíò yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bó ṣe sọ ọ́."

Rónkẹ́ ya ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wo fídíò náà, lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, nítorí ó ti rò pé kò lè lọ síbì kankan. Ó wá orúkọ àwọn tó gbin igi, kò rí ju méjì lọ. Ó wá ohùn Alhaji nínú orí rẹ̀, ohùn bàbá tirẹ̀ ló ń gbọ́, èyí náà ò sì dúró. Ó ní òun ò rántí. Mọ́nsúrù mi orí, ó dá fóònù padà fún un.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, Rónkẹ́ fẹ́ lọ tu koríko ojú oórì. Ó kọ̀wé sí Mọ́nsúrù lórí Wáásáàpù, ó tọrọ àyè. Èsì náà dé kíá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa bọ̀. Ẹ ṣáà máa jẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú kẹ́ ẹ tó wá."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú fídíò, fọ́tò tàbí ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ní àwọn fẹ́ fòpin sí irú àkáǹtì tí ẹ ń lò, ẹ má pa ìkìlọ̀ náà rẹ́, ẹ má sì sáré tẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yín wọlé bí ẹ ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dá sára ògiri, ẹ má sì dúró dè é. Bí ẹ bá kó ẹrù lọ sínú tuntun tán, ẹ ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó pé ó pé, pé fídíò ń sọ̀rọ̀, pé ìwé ṣeé kà, kí ẹ tó gbàgbé ti àtijọ́. Ohun tí ẹ ò lè rí irú rẹ̀ mọ́ láyé, ẹ má fi síbì kan ṣoṣo. Ẹ dà á kọ sórí fóònù ọmọ, ẹ dà á kọ sórí fíláàṣì, ẹ fi ọ̀kan sílé ẹ̀gbọ́n.

Àṣà yín dára, ẹ má jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó nínú ẹbí, ẹ fẹnu kò pé fóònù olóògbé kì í ṣe fìlà. Fìlà lè sùn lọ́dún kan nínú àpótí kó sì jí bó ṣe wà. Kí ẹnìkan tí gbogbo yín fọkàn tán máa ṣí fóònù náà, kó máa ka ohun tó bá wọlé síbẹ̀, kó sì wá jábọ̀ fún yín.

Bí òbí yín bá ṣì wà láàyè, ẹ lọ bá wọn lónìí. Ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n kó ohun wọn sí àti bí a ṣe ń wọ ibẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ wò ó, nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ fún yín ohun tí ẹ̀ ń wò.